Abẹ Kíká: Bí A Ṣe Ń Pọ́n Ọn, Bí A Ṣe Ń Fi Fá Ìrùngbọ̀n Tí Ojú Kò Fi Ní Bó

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ àwọn tó ra abẹ onígbàjámọ̀ ayé àtijọ́, èyí tó ń ká wọ inú èkù rẹ̀. Wọ́n á wo fídíò, wọ́n á fi ọṣẹ kun ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á gbé abẹ lé e, abẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun tu dípò kó gé e. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ, ẹ̀jẹ̀ á yọ. Tó bá di ọjọ́ kẹta, kókó wẹ́wẹ́ á sú sí ọrùn, abẹ á sì di ohun tí wọ́n jù sínú dúrọ́ọ̀. Ọwọ́ wọn ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Ọwọ́ kọ́. Abẹ tí kò mú ló ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà náà, ìdí nìyẹn tí a ó fi pẹ́ lórí òkúta ìpọ́nbẹ àti awọ ìfabẹ kí omi tó kan ojú rárá.

Fún irun wa tó máa ń lọ́, èrè rẹ̀ kò kéré. Réṣà ìgbàlódé tó ní bíléèdì mẹ́ta sí márùn-ún máa ń fa irun jáde díẹ̀ kó tó gé e. Ìdí irun á padà sábẹ́ awọ, bó bá sì tún ń hù, lílọ́ ni yóò máa lọ́, yóò gún awọ láti inú. Ibẹ̀ ni kókó ọrùn ti ń wá. Abẹ ẹlẹ́nu kan tó mú dáadáa, tó gba ojú irun kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, kì í gé e wọnú tó bẹ́ẹ̀. Ó ń dín in kù ni o, kì í ṣe oògùn rẹ̀.

Ẹni tí kókó ti sú sí lọ́rùn báyìí, tó ń dùn ún tàbí tó ń ṣe ọyún, kó má tíì gbé abẹ kankan síbẹ̀. Kó jẹ́ kí irun hù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kó máa fi kílípà gé e kù sí mìlímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí àpá máa ń wú sí lára, dókítà awọ ara ni kó kọ́kọ́ rí. Bákan náà ni ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí egbò kì í tètè jinná lára rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Abẹ kíká kan tó fẹ̀ ní 5/8 tàbí 6/8 ínǹṣì, ìyẹn mìlímítà 16 sí 19 láti ẹ̀yìn rẹ̀ tó nípọn dé ojú rẹ̀ tó ń gé. Kí orí rẹ̀ rí roboto. Èyí tó ní orí ṣóńṣó, etí ni ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń fi gún.
- Awọ ìfabẹ: awọ màlúù tó dán, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40 ó kéré tán, tó fẹ̀ ní 6 tàbí 7, pẹ̀lú kánfáàsì tó bá a dọ́gba. Bí kò bá sí kánfáàsì, ẹ gé ara ṣòkòtò jíìnsì tó ti gbó níbi tí kò ti sí ojú rírán, kí ẹ fọ̀ ọ́ mọ́.
- Òkúta ìpọ́nbẹ tí a ń bu omi sí: nọ́ńbà 1,000, 4,000, 8,000 àti 12,000 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni òkúta ṣe jọ̀lọ̀ tó). Bí ẹni tó ta abẹ bá ti pọ́n ọn délẹ̀, ti 12,000 nìkan tó fún oṣù mélòó kan.
- Ọṣẹ ìfárùngbọ̀n àti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀.
- Álọ́ọ̀mù ọjà, irú èyí tí wọ́n ń fi mú omi tòrò. Ẹ ṣa èyí tó gba àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi omi àti sánpéèpà ra gbogbo igun rẹ̀ títí yóò fi jọ̀lọ̀.
- Dígí tó ti wà lára ògiri, nítorí ọwọ́ méjèèjì máa ní iṣẹ́. Aṣọ ìnura kékeré méjì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.
- Epo maṣíìnì ìránṣọ tàbí baby oil. Ẹ má lo epo pupa, ẹ má lo òróró ìdáná. Bí wọ́n bá pẹ́ lára irin, wọ́n á lẹ̀ bí gọ́ọ̀mù.

Abẹ tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun ń lò lónìí, èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ bíléèdì sí méjì kí wọ́n tó ki ìdajì bọ̀ ọ́, kọ́ ni à ń sọ níbí. Kò nílò awọ, kò nílò òkúta, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, kì í sì í dárí ji ọwọ́ tó bá ṣì rìn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òun ni kí ẹ fi kọ́ṣẹ́.

Ìpele 1: Ẹ yẹ abẹ wò kí ẹ tó sanwó

Orúkọ ọ̀kan nínú ìlú mẹ́ta yìí ló sábà máa ń wà lára abẹ àtijọ́ tó ṣeé gbọ́kàn lé: Solingen ní Jámánì, Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Thiers ní ilẹ̀ Faransé. Láti 1938 ni òfin Jámánì ti ń dáàbò bo orúkọ Solingen, ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró ní gbogbo ọjà, ojú yín ni kí ẹ lò. Abẹ ògbólógbòó láti irú ìlú bẹ́ẹ̀ sàn ju abẹ tuntun aláwọ̀ mèremère tí owó rẹ̀ kéré ju owó oúnjẹ ọjọ́ kan lọ. Irú èyí rí bí abẹ lójú ni, irin rẹ̀ rọ̀ débi pé kò sí òkúta tó lè mú un mú.

Ẹ ṣí abẹ, kí ẹ wò ó lábẹ́ iná. Bí ojú rẹ̀ bá ya, bó ti wù kí ó kéré tó, ẹ dá a padà. Ìpẹtà tó wà lára ẹ̀gbẹ́ kò burú, ó ṣeé yọ. Èyí tó ti jẹ ihò dúdú dúdú sí etí ojú gan-an ni kò ní àtúnṣe, nítorí bí ẹ bá pọ́n ọn títí, inú ihò mìíràn lẹ máa já sí. Ẹ gbé abẹ dùbúlẹ̀ lórí gíláàsì: kí ẹ̀yìn àti ojú rẹ̀ fi ara kan gíláàsì láti ìdí (ìhà èkù) dé orí. Bí ó bá ń ta gbọ́n-ín gbọ̀n-ọ́n, ó ti wọ́ nìyẹn.

Abẹ tí ẹlòmíràn ti lò, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, kí ẹ wá rẹ irin rẹ̀ sínú spírítì 70% fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má sè é. Èkù rẹ̀ á bàjẹ́. Tí ó bá sì ti di tiyín, tiyín nìkan ni. Ọmọ ìyá kò gbọdọ̀ yá a, ọkọ àti aya kò gbọdọ̀ jọ lò ó. Kòkòrò HIV àti ti hepatitis B ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ojú abẹ kọjá, ẹ̀jẹ̀ náà sì lè má pọ̀ tó ohun tí ojú lè rí.

*Ẹ̀rí pé ó dára:* bí ẹ bá ká abẹ díẹ̀díẹ̀, àárín gbùngbùn èkù ni yóò wọ̀, kò ní fara kan ẹ̀gbẹ́ kankan. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Wọn kò rí abẹ kíká tí ìṣó tó so ó mọ́ èkù ti tú.

Ìpele 2: Ẹ pọ́n ọn lórí òkúta

Ẹ jẹ́ kí a tètè sọ èyí: ẹ má gbé e fún àwọn tó ń fi òkúta tó ń yí bí táyà pọ́n ọ̀bẹ kiri àdúgbò. Iná tó ń ta pàràpàrà yẹn, ooru rẹ̀ ń gba líle kúrò lára irin tínínrín. Abẹ tó bá ti bọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní mú mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ òkúta. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kọjá ojú rẹ̀ ní ìbú àti òró, kí ẹ ra á lórí sánpéèpà nọ́ńbà 400 tí ẹ tẹ́ sórí gíláàsì, pẹ̀lú omi, títí gbogbo ìlà yóò fi parẹ́. Òkúta tó bá jin láàárín kò lè pọ́n abẹ tó tọ́. Ẹ rẹ ti 1,000 sínú omi fún ìṣẹ́jú 10. Ti 8,000 àti 12,000, omi tí ẹ wọ́n lé wọn lórí ti tó.

1. Ẹ fi máákà dúdú kun etí ojú abẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.
2. Ẹ gbé e lélẹ̀ lórí òkúta kí ẹ̀yìn àti ojú rẹ̀ jọ fara kan án. Ẹ̀yìn tó nípọn yẹn ló ń wọn ìgun fún yín, kò sí ohun tí ẹ máa fojú díwọ̀n.
3. Ẹ tì í síwájú, kí ojú abẹ ṣáájú, ẹ̀yìn tẹ̀lé. Bí ẹ ṣe ń tì í, ẹ máa fà á sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ láti ìdí lọ sí orí, nítorí òkúta kì í sábà fẹ̀ tó gígùn abẹ.
4. Ẹ yí i lórí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ dá a padà lọ́nà kan náà. Lọ-bọ̀ kan nìyẹn.

Lórí 1,000, kò sí iye kan pàtó. Ẹ máa ṣe é títí àwọ̀ máákà yóò fi pa rẹ́ pátápátá ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, lọ-bọ̀ bíi 40 lórí 4,000, 30 lórí 8,000, 20 lórí 12,000. Bí nọ́ńbà ṣe ń lọ sókè ni ọwọ́ gbọdọ̀ máa fúyẹ́ sí i, títí yóò fi jẹ́ pé ìwúwo abẹ nìkan ló kù lórí òkúta.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ ń kúrò lórí 1,000 láìtíì tó àkókò. Òkúta 12,000 kì í pọ́n ohun tí 1,000 kò tíì pọ́n. Dídán ló ń mú un dán, abẹ á máa kọ mànà bí dígí, kò sì ní lè gé irun kan. Bí àwọ̀ máákà bá ṣẹ́kù síbì kan, bóyá ní ìdí tàbí ní orí, ẹ padà síbẹ̀.

*Ẹ̀rí pé ó ti mú:* lẹ́yìn 1,000, kí ó máa fá irun apá tí ẹ bá gbé e lé awọ, ní ìdí, ní àárín àti ní orí bákan náà. Ẹ fi kámẹ́rà fóònù sún mọ́ ọn: ìlà tí òkúta pọ́n gbọdọ̀ fẹ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìpele 3: Ẹ fà á lórí awọ

Òkúta, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mélòó kan. Awọ, ojoojúmọ́ tí ẹ bá fẹ́ fárùngbọ̀n, kí ẹ tó fọwọ́ kan omi rárá. Ohun tí awọ ń ṣe ni pé ó ń tún etí irin tó ti tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún tò sójú kan. Ẹni tó bá fo ìpele yìí, ó kàn fẹ́ bo ara rẹ̀ láwọ ni.

Ẹ fi awọ kọ́ ohun tí kò lè yẹ̀, bí ìkọ́ ara ògiri tàbí ọwọ́ ilẹ̀kùn tó dúró dáadáa, ní ìwọ̀n ìbàdí. Ẹ fi ọwọ́ kejì fà á kó le. Bí awọ bá dẹ̀, yóò yípo mọ́ ojú abẹ, gbogbo mímú tí ẹ fi òkúta wá á sì kú.

Ẹ tẹ́ abẹ pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn àti ojú lórí awọ. Níbí, ẹ̀yìn ló ń ṣáájú, ojú ló ń tẹ̀lé. Òdìkejì ti òkúta ni, ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ tó ti mọ́ òkúta ti ń gé awọ sí wẹ́wẹ́. Ẹ fà á dé òpin. Ẹ yí i *lórí ẹ̀yìn*, kí ojú rẹ̀ gbé sókè, kó yí po, kó tún dùbúlẹ̀ sí òdìkejì, láìjẹ́ pé ẹ̀yìn kúrò lórí awọ rárá. Ẹ dá a padà. Lọ-bọ̀ 20 lórí kánfáàsì, 40 sí 50 lórí awọ.

Ẹ má sáré. Àwọn onígbàjámọ̀ àgbà ń yára ṣe é nítorí pé ó ti mọ́ wọn lára. Ẹni tó bá fara wé ìyára wọn yóò yí abẹ lórí ojú dípò ẹ̀yìn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ sì tó láti dá yín padà sórí òkúta. Ẹ máa gbọ́ ìró rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa dún wúyẹ́wúyẹ́, lọ́nà kan náà ní àlọ àti àbọ̀. Bí àlọ bá ń dún ju àbọ̀, ẹ̀yìn abẹ ń gbé kúrò lórí awọ ní apá kan.

*Ẹ̀rí pé ó tó:* ẹ gbé ojú abẹ sókè ju awọ apá lọ ní mìlímítà 3, kí ẹ gbà á kọjá láàárín irun. Kó gé ṣóńṣó irun láìfara kan awọ. Ẹ má fi ìka tọ́ ojú abẹ wò. Ìka á gbọgbẹ́, abẹ á tún kú. Àwọn kan máa ń gbé fọ́nrán irun orí sórí abẹ bóyá yóò já. Irun òyìnbó tó nà ni ìdánwò yẹn dára fún, irun tó lọ́ máa ń ta kúrò lórí abẹ, ẹ ó sì rò pé abẹ tó mú kò mú. Irun apá ni kí ẹ gbàgbọ́.

Ìpele 4: Ẹ mọ ibi tí irun yín dojú kọ, kí ẹ wá rẹ ẹ́

Ẹ jẹ́ kí irun hù fún ọjọ́ méjì. Ẹ fi ìka ra á lọ sísàlẹ̀, sókè, sí ọ̀tún àti sí òsì. Ibi tó bá ti jọ̀lọ̀ ni irun sùn sí. Ibi tó bá ti ń ha ọwọ́, òdì rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ya ojú sórí bébà, kí ẹ fi ọfà sí i. Lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀pọ̀ irun máa ń sùn lọ sísàlẹ̀. Ọrùn ni kì í gbọ́ràn: nísàlẹ̀ párì, irun lè dojú kọ ẹ̀gbẹ́, ó lè máa lọ sókè láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, ó sì lè yí po sójú kan. Ẹni tó bá fá ọrùn láti òkè sí ìsàlẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ lẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe rí, òdì irun ló ń fá láìmọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá wẹ̀ tán ló dára jù láti fárùngbọ̀n. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi aṣọ ìnura tí ẹ rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bo ojú fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Omi tó gbóná jù ń wú awọ, awọ tó wú sì ni abẹ máa ń gé.

Ẹ rẹ búrọ́ọ̀ṣì sínú omi fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù. Ẹ fi ra ọṣẹ fún nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ẹ gbé e sínú abọ́, kí ẹ máa pò ó. Omi ìdajì ṣíbí tíì ni kí ẹ máa fi kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìfófòó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ki bí ẹ̀kọ mímu, kò gbọdọ̀ ní ihò afẹ́fẹ́ ńláńlá nínú. Àwọn ihò wọ̀nyẹn, afẹ́fẹ́ lásán ni wọ́n, wọn kì í mú awọ yọ̀. Bí omi kànga tàbí bọ́họ̀ yín kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, ẹ lo omi òjò tàbí omi inú ọ̀rá. Gbogbo rẹ̀ kò ju ife kan lọ.

Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Ó ń fọ ojú dáadáa kí abẹ tó dé, ẹ lè fi wẹ̀ ẹ́. Fún fífá fúnra rẹ̀, kì í ṣe é: ìfófòó rẹ̀ tètè ń gbẹ, ó sì máa ń ta awọ tí abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀.

*Ẹ̀rí pé ó ti tó:* ẹ fi ọṣẹ náà sáàárín ìka méjì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Kí ìka méjèèjì máa yọ̀ lórí ara wọn. Lójú, kó lè wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láìgbẹ.

Ìpele 5: Bí a ṣe ń di abẹ mú, àti bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sí awọ

Ẹ ṣí abẹ kọjá ìdajì, kí èkù dúró sókè. Ibi tínínrín tó wà láàárín ojú abẹ àti ìṣó, tí kò mú, ọrùn abẹ nìyẹn. Ìka mẹ́ta á wà lórí ẹ̀yìn ọrùn náà, àtàǹpàkò á wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìka ọmọńdinrín á gbé lé ìrù kékeré tó yọ síta lẹ́yìn ìṣó. Ẹ dì í mú jẹ́jẹ́. Ọwọ́ tó bá le máa ń gbọ̀n.

Ẹ gbé abẹ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ wá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀, kí àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yìn abẹ àti awọ tó nípọn ẹ̀yìn abẹ kan sí ọ̀kan àbọ̀. Ìyẹn á sún mọ́ dígíríì 30. Bí ẹ̀yìn bá wà nísàlẹ̀ jù, abẹ á máa yọ̀ kọjá, á máa fa irun. Bí ó bá ga jù, awọ ni yóò máa ha. Ojú máa ń tẹ̀, ó máa ń wọ́, nítorí náà ọwọ́ gbọ́dọ̀ máa yí díẹ̀díẹ̀ kí àlàfo yìí má bàa yí padà, pàápàá níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti ń bọ́ sí párì. Níbẹ̀ ni ọwọ́ tuntun ti sábà máa ń gbàgbé.

Ọwọ́ kejì ló ń na awọ. Ẹ nu ìka gbẹ, kí ẹ fi kan álọ́ọ̀mù tútù kó lè di awọ mú. Ẹ nà án kó tẹ́, ẹ má nà án kó le. Ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ fún irun tó nà máa ń ní kí ẹ fà á bí awọ ìlù. Fún irun tó ń lọ́, irun tí ẹ bá gé nígbà tí awọ le bẹ́ẹ̀ máa wọlé sínú ni, ẹ ó sì pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta.

Òfin kan wà tí kò ní àyè àwáwí: *abẹ kì í rìn sí ẹ̀gbẹ́ lójú ara rẹ̀.* Síwájú ni, ojú abẹ ni kó máa ṣáájú. Bí ẹ bá fà á sí ìhà orí tàbí ìhà ìdí nígbà tó wà lórí awọ, á gé yín, bó ti wù kí ọwọ́ yín fúyẹ́ tó. Bí ẹnì kan bá pè yín tàbí fóònù dún, ẹ gbé abẹ kúrò lójú kí ẹ tó yíjú.

Ìpele 6: Fífá gan-an

Ní ìgbà mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì nìkan ni kí ẹ fá, kí ẹ fi ohun tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ parí ìyókù. Lẹ́yìn náà ni párì, lẹ́yìn rẹ̀ ọrùn, ètè òkè àti àgbọ̀n ló kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò wọn nígbà tí ẹ bá ti ń fá gbogbo ojú pọ̀, nítorí irun àgbọ̀n ló le jù, ó sì yẹ kí ọṣẹ pẹ́ lórí rẹ̀.

*Ẹ̀rẹ̀kẹ́.* Ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ẹ na awọ sókè, ẹ fá wá sísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjì méjì. Ẹ nu abẹ sí aṣọ tútù lẹ́yìn ìfá mẹ́ta mẹ́ta: ẹ̀yìn ni kó ṣáájú lórí aṣọ. Fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ẹni tó ń lo ọ̀tún lè gba iwájú ojú rẹ̀ kọjá, tàbí kó kọ́ ọwọ́ òsì. Èyí kejì ló dára jù, bó tilẹ̀ ń múni bínú ní ìbẹ̀rẹ̀.

*Párì.* Ẹ fa awọ ibẹ̀ lọ sókè kó wá sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tó ti tẹ́, kí ẹ fá a níbẹ̀. Ẹ má fá a lórí egungun.

*Ọrùn.* Ẹ wo àwòrán tí ẹ yà. Ẹ tẹ orí sẹ́yìn díẹ̀. Gògóńgò: ẹ fi ìka fa awọ orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fá a níbẹ̀, kí ẹ tún fà á sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ má gbé itọ́ mì nígbà tí abẹ bá wà níbẹ̀.

*Ètè òkè.* Ẹ na ètè bo eyín, ẹ fi ìka gbé imú sókè. Ìfá kúkúrú tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan, láti abẹ́ imú wá sísàlẹ̀. Orí abẹ ni ẹ máa ń gbàgbé níbí, ihò imú ló sì máa ń bá.

*Àgbọ̀n.* Ẹ tún ọṣẹ fi kún un. Ìfá kéékèèké, kí ọwọ́ máa yí tẹ̀ lé bó ṣe rí roboto. Bí abẹ bá há, ẹ má tì í. Ẹ gbé e kúrò, kí ẹ rẹ ẹ̀yìn abẹ sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún gbé e síbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ni, ní bí irun ṣe sùn. Ẹ ṣan ojú, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. A mọ̀ pé ọkàn á fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jọ̀lọ̀ bí ojú ọmọ tuntun, ìfẹ́ ọkàn yẹn ló ń kó kókó wá. Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta tí ojú bá ti mọ́ ọn, ẹ lè fi ìfá kejì kún un ní ìdábùú irun, lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan. Òdì irun? Kì í ṣe fún irun tó ń lọ́.

*Ẹ̀rí pé ó dára:* ẹ fi ọwọ́ ra ojú bí irun ṣe sùn, á jọ̀lọ̀. Ẹ ra á ní òdì, á ha ọwọ́ díẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn.

Ìpele 7: Lẹ́yìn fífá

Omi tútù. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ rẹ álọ́ọ̀mù, kí ẹ fi ra gbogbo ibi tí abẹ dé, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ ṣan án kúrò. Kò sí olùkọ́ tó tó álọ́ọ̀mù. Bí ó bá ta yín ní gbogbo ojú, ọwọ́ yín wúwo tàbí abẹ kò mú. Bí ó bá ta ní ojú kan péré, àlàfo ẹ̀yìn abẹ ga jù níbẹ̀. Bí kò bá ta rárá, iṣẹ́ dára.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti yọ, ẹ tẹ álọ́ọ̀mù mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú méjì. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 tí ẹ ti fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́, ilé ìwòsàn ni. Ẹ fi òrí díẹ̀ pa ojú. Èyí tó bá kún ìdajì èékánná ti tó. Ẹ má fi lọ́fíńdà sí i.

Ìpele 8: Ìpẹtà, àti ìgbà tí òkúta tún kàn

Irin tó ń mú dáadáa kì í kọ ìpẹtà, pàápàá ní ìgbà òjò. Ẹ ṣan abẹ, kí ẹ nù ún láti ẹ̀yìn wá sójú, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ibi ìṣó níbi tí omi máa ń sá pamọ́ sí. Lọ-bọ̀ 10 lórí kánfáàsì á gbẹ ìyókù. Ẹ fi òwú tó ní epo maṣíìnì ra á, ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí fún wákàtí kan kí ẹ tó ká a. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sí balùwẹ̀. Àpò kékeré tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun láti fa ọ̀rinrin, ẹ má jù ú nù, inú àpótí abẹ ni kó wà.

Tí ẹ bá fẹ́ tún un lò, ẹ nu epo kúrò kí ẹ tó fà á lórí awọ, torí awọ tó bá mu epo kò ní di abẹ mú mọ́. Bí abẹ tí ẹ fà dáadáa bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lọ-bọ̀ 10 sí 15 lórí 12,000 máa ń tó. Bí kò bá tó, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 8,000. Ti 1,000, àfi bí abẹ bá já bọ́ tàbí tó fi ojú gbá ẹnu kọ́ọ̀bù omi.